Ọ̀kẹ́rẹ́ So Ara Rẹ̀ Mọ́ Àtíbàbà

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ. Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi dá lórí Ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀lẹ, tó ń ta ẹ̀pà. Ó pa àtíbàbà, ó tà tán, ó tú u, ó fi èèpo ẹ̀pà sílẹ̀. Ó pa òmíràn, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjà dọ̀tí. Erin, ọba wọn, pàṣẹ pé kí oníkálùkù so ẹrù tí kò ní kó relé mọ́ òpó àtíbàbà rẹ̀, kí Ẹfọ̀n lè wọ́ òpó àti ẹrù lọ sí ààtàn pọ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ pa ẹ̀kẹta, ó tà tán, ó so èèpo mọ́ òpó. Oorun kùn ún lórí òrùlé. Kí ó má baà jábọ́, ó so ìrù rẹ̀ náà mọ́ òpó.

Ẹfọ̀n dé, ó ń wọ́ òpó lọ. Ẹ bá mi gbè é:

Òpó ń lọ o,
Tẹrù-tẹrù.

Ààtàn ni Ọ̀kẹ́rẹ́ jí sí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í ṣe ẹrù."

Ẹfọ̀n ní, "Ta ló wá so ọ́ mọ́ òpó?"

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ ju àtíbàbà lọ, ẹ má so ó mọ́ òpó rẹ̀.