Ìdí Tí Lékeléke Fi Ń Bá Màlúù Rìn

— Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!
— Àlọ́ mi rìn títí, kò yà sílé ẹnikẹ́ni. Etí Màlúù ló wọ̀. Ó bá Ọ̀bọ níbẹ̀, ó bá Lékeléke níbẹ̀.
— Kó máa bọ̀, a ń gbọ́!

Ní àtijọ́, eégbọn kan wọ Màlúù létí. Ó ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń sanra. Etí wú, koríko kò lọ lẹ́nu mọ́, wàrà ń gbẹ. Bẹ́ẹ̀ Màlúù ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ọmọ á fẹnu kan ọmú, á fà á, kò ní rí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ọmọ ti ń gbọ̀n. Ẹ̀rù ba Màlúù gidigidi.

Ọ̀bọ ni oníṣègùn ìgbà náà. Ó dé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fò gun Màlúù lẹ́yìn, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ létí.

"Yéè! Ó ń dùn mí!"

"Dákẹ́! Ta ló mọ iṣẹ́ yìí, èmi tàbí ìwọ?"

Ó fa eégbọn já, ó fi orí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹran ara. Egbò wá kún egbò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ọ̀bọ ti dé etí odò. "Ẹ̀yin ará, ẹ wá gbọ́! Etí Màlúù ń rùn!" Gbogbo ẹranko tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún yẹn, ṣé ara tìrẹ kì í rùn ni?

Ojú ti Màlúù. Ó ní òun kò tún ní fi etí òun han ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá, Lékeléke dé. Ó dúró lókèèrè, ó tẹrí ba. "Ẹ kú ìrọ́jú o, ìyá wa. Ṣé kí n sún mọ́ yín?"

Màlúù wò ó láti òkè délẹ̀. Aṣọ funfun, ẹnu ṣóńṣó. Ẹnu tó mú báyìí, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Màlúù bá purọ́. "Ìrù ló ń dùn mí."

Lékeléke yẹ ìrù wò títí. "Ìyá, n kò rí i. Bóyá ojú mi ni kò mú tó. Màá padà wá lọ́la."

Màlúù yọ́ tẹ̀lé e dé etí odò. Ó sá pamọ́ sẹ́yìn igbó, ó ń retí kí wọ́n máa fi òun ṣẹ̀sín. Ehoro béèrè pé, "Lékeléke, kí ló ń ṣe Màlúù?"

"Màlúù ni kí o bi." Lékeléke mumi, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Á ti mọ̀ pé mo wà níbí ni," Màlúù sọ nínú ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Pátákò ni." Lékeléke yẹ pátákò wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí nǹkan kan, kò sì bínú. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní, "Ikùn ni." Lékeléke wọ abẹ́ ikùn lọ, níbi tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ti lè tẹ̀ ẹ́ pa. Màlúù ń wo ọrùn tín-ín-rín yẹn lábẹ́ ara rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀ ṣubú, tí kò lè dìde.

Màlúù figbe ta. "Irọ́ ni mo ń pa fún ọ! O sì mọ̀! Kí ló dé tí o kò bá mi wí?"

"Mo mọ̀, ìyá. Ẹ̀yin lẹ ni ara yín. Ibi tí ẹ bá ṣí fún mi ni mo lè dé."

Màlúù bú sẹ́kún. "Etí ni. Ó ń rùn o."

"Bí egbò ṣe ń rùn náà nìyẹn. Bó bá ń dùn yín jù, ẹ gbọn etí, màá dúró."

Ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, Màlúù gbọn etí, ó dúró. Ó tún ki ẹnu bọ̀ ọ́, Màlúù gbọn etí, ó dúró. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, etí kò mì. Orí eégbọn jáde. Màlúù jẹ koríko, wàrà dé, ọmọ mu ún, ọmọ dìde.

Láti ọjọ́ náà ni Lékeléke ti ń bá Màlúù rìn ní pápá. Ọ̀bọ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó tún gbà kó fọwọ́ kan òun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ara wọn nìkan ni àwọn ọ̀bọ ń yọ kòkòrò fún lórí igi.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó dé pápá lọ́la. Á rí Màlúù, tó ń fi ìwo lé gbogbo ayé, tó na etí sílẹ̀ fún ẹnu ṣóńṣó. Bó bá gbọn etí, Lékeléke á fò sọ̀ kalẹ̀. Kò ní bínú. Á dúró sílẹ̀ títí Màlúù yóò fi tún gbà á láyè.