Ìyẹ́ Adìẹ Àrìnpé

Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí ọ̀nà tí mo rìn dàgbà má gbà mí mọ́: ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Òdòdó pupa kan tí ìdí rẹ̀ rí bí àlùbọ́sà ni ìyá Àrìnpé fi sílẹ̀ fún un kó tó kú. Ìdí náà wá ń jẹrà. Bí kò bá so lọ́dún yẹn, ó parí. Àrìnpé fi ìyẹ́ adìẹ kó ìyẹ̀fun inú òdòdó náà, ó fi pa ọ̀pá àárín rẹ̀. Òdòdó tó kọ́kọ́ yọ rọ, kò so. Ẹyọ òdòdó kan ṣoṣo ló kù lórí rẹ̀. Ó wá yé e pé ìyẹ̀fun ara rẹ̀ kò lè mú un so, pé òdòdó náà ń wá ẹnìkejì.

Bàbá Adégòróyè nìkan ló ní irú rẹ̀ ládùúgbò. Àrìnpé sì ti búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní wọ ilé náà mọ́, láti ọjọ́ tí ewúrẹ́ wọn ti jẹ ẹ̀fọ́ òun run.

Ó gbé ìkòkò òdòdó rù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Bàbá.

"Àrìnpé, ìbúra ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ mi ni mo búra lé, Bàbá. N ò búra pé òdòdó yín ò gbọdọ̀ jáde. Ọwọ́ kan ò gbé igbá dórí."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí, ó gbé tirẹ̀ jáde. Àrìnpé mú ìyẹ́ adìẹ rẹ̀, ó fi kó ìyẹ̀fun òdòdó Bàbá sórí tirẹ̀. Ẹni tó bá rí ọwọ́ rẹ̀ á rò pé ojú ọmọ tuntun ló ń nù.

Òdòdó so. Èso gbó, ó là, hóró dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún inú rẹ̀. Àrìnpé bu ìdajì, ó tún lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ sínú ilé.

Bàbá kò gbà á. Ó ní, "Wọlé."

"Wọlé, ká parí ìjà ewúrẹ́," ni Bàbá tún wí.