Ọkùnrin Tí Kò Lè Dọ̀bálẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan, rédíò ló máa ń tún ṣe. Orí àga ló ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹlẹ́rìndòdò sì ni àwọn oníbàárà fi ń kí i kú iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó sanra débi pé bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ṣa nǹkan nílẹ̀, àfi kí ènìyàn fà á dìde.

Ìyẹn ṣì ṣeé mú mọ́ra. Ọ̀rọ̀ àna rẹ̀ ni kò jẹ́ kó sùn. Bàbá ìyàwó rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tí kì í dáhùn ìkíni ọkọ ọmọ tí kò bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkùnrin yìí sì gbìyànjú rẹ̀ níbi ìkómọ kan, ó balẹ̀, kò lè dìde, àwọn ọmọdé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ìgbà náà, ó kàn ń tẹrí ba, ó ń fọwọ́ kan orúnkún. Bàbá á kọjú sí ògiri. Àwọn ará ilé ní owó ló ń gùn ún. Nígbà tó sú u, kò débẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń dá lọ wo bàbá tí ara rẹ̀ kò yá, bó bá sì padà dé, kì í fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ojú ń ti ọkùnrin náà, kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Wá wo àwọn tó ní àwọn fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Dókítà ilé ìwòsàn gbé e sórí ìwọ̀n, ó sì ké iye tó wọ̀n sétí gbogbo àwọn tó ń dúró gba oògùn. Ó ní kó dín ẹ̀bà kù, kó má jẹun alẹ́, kó máa sáré. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó sì gba ọ̀dọ̀ oníresì lọ tààrà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é ní àpò gàrí lójú àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní àwàdà ni. Àwàdà wo nìyẹn? Alàgbà ìjọ ní ẹ̀mí wọ̀bìà ló ń bá a jà, ó fún un ní ààwẹ̀. Bí ó bá ṣínu, á jẹ ti àárọ̀ mọ́ ti alẹ́. Bí wọ́n ṣe ń bú u tó ni oúnjẹ ń wù ú tó, nítorí oúnjẹ nìkan ni kì í bú u. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Gbogbo wọn ló gbé oògùn dání wá, kò sí ọ̀kan tó bi í pé ibo ló ń dùn ún.

Ó ṣe, wọ́n gbé dókítà mìíràn wá sí ilé ìwòsàn náà, obìnrin. Èyí ti ilẹ̀kùn kó tó wọ̀n ọ́n. Ó bi í bóyá ó fẹ́ kí àwọn sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àbí nǹkan mìíràn ló gbé wá. Ẹnu ya ọkùnrin náà, ó ní kò burú kí àwọn sọ ọ́.

Dókítà ní, "Kí ni sísanra yìí ń gbà mọ́ yín lọ́wọ́, sà?" Ó jókòó tì í, ó ń retí èsì.

 Nígbà tí ọkùnrin náà lanu, ọ̀rọ̀ àna rẹ̀ ló jáde, tòun ti omijé. Dókítà kò mẹ́nu ba ẹ̀bà. Ó ní, "Ẹ fẹ́ bọ̀wọ̀ fún bàbá, ara ni ò jẹ́."

Ọkùnrin náà ní, "Bí wọ́n bá kú kí n tó kí wọn bó ṣe yẹ, mi ò ní dárí ji ara mi."

Dókítà bi í pé kí ló rò pé apá rẹ̀ ká. Ó ní òun lè fi ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, òun sì lè fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù dípò ọ̀kadà. Oúnjẹ alẹ́ ló ṣòro, nítorí bí òun bá ṣẹ́ iyán kù, ìyàwó òun á ní ilé ta ni òun ti jẹun wá. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó bi í bó ṣe fẹ́ ṣe é. Ó ronú sí i, ó ní àfi kí òun sọ òótọ́ fún un.

Ó délé, ó sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ sunkún, ó ní òun ti ń rò pé ṣe ló ń kẹ́gàn bàbá òun. Láti ọjọ́ náà, iyán ìwọ̀nba ló ń gbé síwájú rẹ̀.

Kò yá kánkán o. Nígbà ọdún, ó padà sídìí àjẹkì, ojú sì tì í láti lọ rí dókítà. Nígbà tó lọ, dókítà kò bá a jà. Ó bi í pé kí ló ti ràn án lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ọkùnrin náà sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó gba ilé àna rẹ̀ lọ. Bàbá wà lórí ibùsùn. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì. Apá rẹ̀ gbọ̀n bó ṣe ń gbé ara rẹ̀ dìde, ṣùgbọ́n ó dìde. Bàbá rí apá tó ń gbọ̀n náà, ọ̀rọ̀ wá yé e.

Ó ní, "Ṣé ara ni látọjọ́ yìí? Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Bàbá, kò sẹ́ni tó bi mí."

Bàbá gbà pé òun náà kò bi í.

Ìwọ tí o wá fi ẹjọ́ àbúrò rẹ obìnrin sùn mí pé ó sanra, pé o ti sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, ìwọ ni mo ń bá wí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọfà mélòó lo ti ta sára ọmọ ìyá rẹ, tí o ní kó dúpẹ́? Padà lọ bá a. Bi í pé kí ló ń fẹ́, kí o sì jókòó títí yóò fi dáhùn. Bí ẹnu rẹ kò bá lè dákẹ́, má lọ síbẹ̀ mọ́. Ó ti gbọ́ tìrẹ tó.