Igi Tí Ìjọ Kò Gé

Ọkùnrin kan wà, bíríkìlà ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún òun àti ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ náà já, bàbá rẹ̀ rì í mọ́lẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì gbin igi lé e lórí: igi gíga eléwé wẹ́wẹ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ń pè ní igi Kérésìmesì. Igi ń dàgbà, ọmọ ń dàgbà. Àìsàn dé, ó mú ọmọ lọ. Igi ló kù. Láti ìgbà náà, ọpẹ́ kò jáde lẹ́nu ọkùnrin yìí mọ́, kò sì dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́dún kan, ọyẹ́ mú, gbogbo igi ìlú wọ́wé. Tirẹ̀ nìkan ló tutù yọ̀yọ̀. Kérésìmesì ku ọ̀la, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ fi orin wọlé, àdá lọ́wọ́, láti gé e lọ ṣe ọ̀ṣọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìlú wọn, ẹni tí ìjọ bá gé igi rẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ayọ̀ ló ń yọ̀. Ìjọ kì í tọrọ àyè kí wọ́n tó gé e.

Bàbá di mọ́ igi. “Ẹ kọ́kọ́ gé mi ná!”

Olórí wọn bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, àbí pósí lẹ fẹ́ fi gbẹ́ ni?”

Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde. “Panu mọ́, jàre! Ìwọ́ ọmọ wa ló wà lábẹ́ ibẹ̀.”

Àwọn ọ̀dọ́ náà dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì lọ ròyìn fún àlùfáà.

Àlùfáà ní, “Igi kò lè wá bá wa. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ bá a.”

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìjọ kún ẹ̀yìnkùlé náà. Wọ́n fi fìtílà kọ́ ẹ̀ka, wọ́n fi ìràwọ̀ onípáànù sí ṣóńṣó orí igi náà. Bàbá dúró, ó ń wò. Ó rò pé òun nìkan ló rántí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà, ẹnì kan tilẹ̀ ń ṣàpèjúwe ẹ̀rín rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Olúwa, o ṣé tí o yá wa lọ́mọ yìí.”

Ìwọ ọmọ mi, bí o bá rí igi Kérésìmesì, ewé tútù rẹ̀ ń sọ ti ìyè tí ọyẹ́ kò lè pa, iná orí rẹ̀ ń sọ ti ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú ayé. Ṣùgbọ́n mọ èyí pẹ̀lú: Ọlọ́run kò yọ àdá tọ̀ ọ́ wá. Ọmọ tirẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n kàn mọ́ igi. Ibi tó ń dùn ọ́ jù lọ gan-an ló wá bẹ̀ wò. Dìde, kí i káàbọ̀.