Pákó Méjì Tí Pẹ́pẹ́yẹ Lẹ̀ Mọ́ Ẹsẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí òtútù ṣì ń gbé ilẹ̀ wa tí kò tíì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí òkè òkun, yìnyín máa ń bo Òkè Aláfun láti orí dé ìdí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?

Orí òkè ni àwọn ẹyẹ ń gbé. Ìsàlẹ̀, létí odò, ni kòkòrò tí wọ́n ń jẹ wà. Láràárọ̀, wọ́n á gun pákó, wọ́n á yọ̀ lórí yìnyín lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ ọdún ni wọ́n ń fi jẹ Aṣáájú Òkè, òun ni yóò sì máa jẹun kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kan nǹkan.

Pẹ́pẹ́yẹ ni Aṣáájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà náà rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ́wà bíi ti àdàbà. Pákó kan ṣoṣo tó fẹ̀ ló ń gùn. Á fi ẹ̀gbẹ́ dúró lórí rẹ̀, á fi okùn di ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn pinpin, ó di ìsàlẹ̀. Bó bá sì jẹun tán, á ní kí gbogbo ayé wá wo bí òun ṣe ń dúró.

Kò pẹ́ ni Lékeléke gbé tirẹ̀ dé: pákó méjì tín-ín-rín, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí Pẹ́pẹ́yẹ tó fìdí jókòó sínú yìnyín, kó tó di okùn rẹ̀ tán, Lékeléke á ti dé ìsàlẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá sì ti tẹ́jú, Lékeléke á máa rọra rìn lọ, Pẹ́pẹ́yẹ á máa tọ kiri bí ọ̀pọ̀lọ́.

Àwọn ọmọ ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Lékeléke kọrin. Ó dun Pẹ́pẹ́yẹ wọ eegun. Ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á kí oyè má lọ bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, “Èmi náà á gun méjì. Ṣé èmi tí mo mọ ọ̀kan gùn ni n kò ní mọ méjì gùn?”

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Baálé mi, ẹ kúkú lọ bi Lékeléke.”

Ó lọ, ó fajú ro. Lékeléke kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bàtà tó bá ẹsẹ̀ yín mu gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Pákó tó kúrú ló dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ má sì dì í pa. Bẹ́ ẹ bá ṣubú, ẹ jẹ́ kó lè bọ́ fúnra rẹ̀.”

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ! Pẹ́pẹ́yẹ ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ó kùn délé. “Ẹ ò rí ìkà! Ó fẹ́ kí pákó bọ́ lẹ́sẹ̀ mi lójú gbogbo ayé.”

Ó gba ọ̀dọ̀ Àkókó gbẹ́nàgbẹ́nà lọ. Àkókó kì í bá oníbàárà jiyàn, ohun yòówù tí wọn ì báà sọ. Ó gbé pákó kúkúrú jáde.

“Ti ọmọdé nìyí,” ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

“Ti ọmọdé ni lóòótọ́, Aṣáájú.”

“Èyí tó fẹ̀ ni mo fẹ́. Pákó mi àtijọ́ fẹ̀.”

“Fífẹ̀ ló yẹ yín.”

“N ò wọ bàtà. Á bo ẹwà ẹsẹ̀ mi.”

“Á bò ó mọ́lẹ̀ ni.”

“Okùn sì lè já. Oje igi ni kó o fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀.”

Àkókó wo ẹsẹ̀, ó wo pákó. Ó rántí pé ọjà ni òun ń tà, ó lọ gbé oje wá.

Ọjọ́ ọdún pé, gbogbo ẹyẹ pé jọ. Bí wọ́n ti gbéra, ẹsẹ̀ ọ̀tún Pẹ́pẹ́yẹ gba ọ̀nà odò, tòsì gba ọ̀nà oko. Lórí pákó kan, ẹsẹ̀ méjèèjì kò ní ibi méjì tí wọ́n lè lọ. Lórí méjì, olúkúlùkù ń ṣe tinú rẹ̀.

Lékeléke pàápàá kọsẹ̀ lára òkúta, ó ṣubú. Pákó rẹ̀ bọ́, ó gbọn yìnyín nù, ó tún un wọ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ, òun ló sì kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí Pẹ́pẹ́yẹ ṣubú ní tirẹ̀, pákó kò bọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ mọ́ra, ó ń yí gbirigbiri bọ̀, ó ń ké pé, “Ẹ tú mi o! Ẹ tú mi!” títí ohùn rẹ̀ fi há, tó sì já sínú odò gbàmù.

Wọ́n sáré débẹ̀, wọ́n rò pé ó ti kú. Wọ́n bá a tó léfòó, tó ń fi pákó fífẹ̀ wa omi.

Ó gbé orí sókè. Ó ní, “Odò ni mo kúkú ń lọ.”

Ẹ̀rín gba gbogbo òkè náà kan. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Èyí ló dun Pẹ́pẹ́yẹ jù. Ó sunkún, àmọ́ inú omi ló wà, wọn ò mọ̀.

Àkókó gbé ẹnu dé, ó ń ṣá pákó náà títí ó fi fẹ́lẹ́ bí awọ. Oje kọ̀, kò tú. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yọ, Pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi òun sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi Lékeléke jẹ Aṣáájú.

Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí awọ so ọmọ ìka rẹ̀ pọ̀, tó ń fì sọ́tùn-ún fì sósì bó bá ń rìn, tí ohùn rẹ̀ sì há títí dòní. Bó bá kọjá lójúde yín, ẹ rẹ́rìn-ín sí i kẹ́ ẹ wò ó. Á gbé orí sókè, á yà sínú omi tó bá sún mọ́ ọn jù, ì báà ṣe omi gọ́tà, á sì máa ṣe bí ẹni pé ibẹ̀ ló ń lọ láti ilé.