Aáyán Inú Igbá Ìyá Onígbá

"Aáyán fẹ́ jó, adìẹ ni ò jẹ́." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ ọ rí. A máa ń pa á lówe, a ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ rí aáyán tó fẹ́ jó? Níbo ni adìẹ náà dúró sí? Ẹ̀yin tí ẹ ń pa òwe yìí lójoojúmọ́, ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí kò rí ìfarabalẹ̀ kankan ní gbogbo ọjọ́ tó fi ṣẹlẹ̀.

Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó Ògúnwándé ni, ní ìlú Ìlápètu, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀, ọmọbìnrin. Láyé ìgbà náà, ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ, ìyá ọmọ kò sì gbọdọ̀ gbé e jáde kúrò ní yàrá títí ọjọ́ náà yóò fi pé. Inú yàrá ni Àwẹ̀ró wà, òun àti ọmọ rẹ̀, àti aáyán.

Aáyán yẹn kì í ṣe kékeré o. Bí Àwẹ̀ró bá ṣí ìdérí ìkòkò omi, aáyán ni. Bó bá gbọn ìró kó tó ró o, aáyán á já bọ́. Wọ́n wọ inú àdí tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára, wọ́n rì sínú osùn. Òjò ọdún yẹn kò dá, yàrá ṣókùnkùn láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, àwọn aáyán kò sì mọ̀ pé ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́. Àwẹ̀ró kò lè sùn. Bí oorun bá fẹ́ gbé e lọ, á ta gìrì, á tún ọmọ yẹ̀ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń wá. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Onígbá, ló ń tún igbá tó bá sán ṣe. Á fi òòlu, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú sísán náà, á fi okùn rán an pa pọ̀, igbá á sì tún di igbá. Ẹlòmíràn á gbé igbá wá, kò sì ní padà wá gbé e mọ́. Ìyá Onígbá kì í sọ irú wọn nù. Ó ní ohun olóhun kò gbọdọ̀ sọnù lọ́wọ́ òun. Yàrá Àwẹ̀ró nìkan ni kì í jò nínú ilé, ibẹ̀ ló sì ń kó wọn jọ sí: igbá ọtí, igbá ẹ̀kọ, igbá epo, òmíràn tó ti lo ọdún mẹ́wàá, tí òórùn ohun tó wà nínú rẹ̀ rí kò tíì tán. Òkìtì náà ga dé àjà. Bí aáyán bá ní ìlú, ibẹ̀ ni ààfin wọn.

Nígbà tí oyún Àwẹ̀ró pé oṣù mẹ́jọ, ó fi ìkúnlẹ̀ bẹ ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín kó àwọn igbá yìí síta, kí oòrùn lè rí wọn. Aáyán ti pọ̀ jù nínú wọn."

Ìyá Onígbá kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Èmi ti ń rán igbá kí n tó bí ọkọ rẹ. Bí olóhun bá dé lónìí tó ní òun ń wá igbá òun, ṣé ìwọ ni wàá dá a lóhùn? Má fọwọ́ kan ẹrù mi, ìyàwó."

Ọ̀rọ̀ tán. Ìyàwó ilé kì í nawọ́ sí ẹrù ìyá ọkọ tí wọ́n bá ti ní kó má fọwọ́ kàn án. Nígbà tó sọ fún Ògúnwándé, ọkùnrin náà wú ikọ́, ó mú àdá rẹ̀, ó ní oko ti ń pe òun. Ẹ ò rí i bí oko ṣe ń pe ọkùnrin nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé àárín ìyàwó àti ìyá rẹ̀!

Lẹ́yìn tó bímọ tán, Àwẹ̀ró wá ń ja ìjà tí wọ́n ti dè é lọ́wọ́. Ó da omi gbígbóná sínú gbogbo ibi tí ògiri ti lanu, ó fi ẹrẹ̀ dí wọn. Ó já ewé efinrin yí ẹní ọmọ ká. Ó rò ó láti fín ata gbígbẹ, ṣùgbọ́n ta ni í fín ata sí ọmọ ọjọ́ méjì nímú? Bó ṣe ń pa mẹ́ta, méje ń ti inú igbá jáde wá síbi òkú wọn.

Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá Onígbá ra àgbébọ̀ adìẹ kan tí wọn yóò fi se ọbẹ̀ ìsọmọlórúkọ. Ó so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá, okùn rẹ̀ kò sì gùn, kó má baà fò lé igbá. Láti ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ibi tí okùn adìẹ bá dé, aáyán kan kì í yọjú níbẹ̀. Ló bá wọ́ ẹní ọmọ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá Onígbá dé, ó figbe ta pé afẹ́fẹ́ òjò ń fẹ́ sí ọmọ òun lára, ó sì wọ́ ẹní náà padà sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì igbá. Kì í ṣe ìkà o. Ó fẹ́ràn ọmọ náà ju ojú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ pàápàá a máa di ojú ènìyàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, Àwẹ̀ró rí i. Aáyán ti jẹ ọmọ ní gìgísẹ̀. Ojú ibẹ̀ pọ́n, ó ti bó. Ó gbé e han ìyá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú. Ìyá Onígbá wò ó, ó wo òkìtì igbá, ó sì yára gbé ojú kúrò níbẹ̀.

"Ooru ni," ó wí.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá tó bí Àwẹ̀ró dé láti ìlú rẹ̀ fún ìsọmọlórúkọ. Ó gba ọmọ, ó ń kì í, ó ń tú aṣọ rẹ̀ wò bí àwọn ìyá àgbà ṣe máa ń ṣe. Ó dé orí gìgísẹ̀, oríkì sì dúró lẹ́nu rẹ̀. Bó ti ń wò ó ni aáyán kan sáré gba orí orúnkún rẹ̀ kọjá.

"Àwẹ̀ró! Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyí? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí ló dé tí o kò tún yàrá rẹ ṣe? Ọ̀la, bí a bá ti sọ ọmọ yìí lórúkọ tán, ìwọ àti òun ń bá mi lọ sílé."

Àwẹ̀ró rò ó. Bó bá lọ báyìí, orúkọ ọ̀bùn ni yóò tẹ̀ lé e lọ, ta ló sì mọ̀ bóyá yóò padà wá sílé ọkọ? Bó bá sì sọ òtítọ́, ó ti bọ́ aṣọ lára ìyá ọkọ rẹ̀ lójú àna, nítorí Ìyá Onígbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, òòlu lọ́wọ́, igbá lórí ẹsẹ̀. Àwẹ̀ró wo ilẹ̀.

Níbẹ̀ ló ti rí aáyán kan tó yọ láti abẹ́ igbá. Ó na ìwo rẹ̀ méjèèjì, ó yí ìdí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbẹ́sẹ̀ síwájú. Adìẹ na ọrùn. Aáyán sá padà. Láìpẹ́ ó tún yọ, ó tún ju ìdí díẹ̀, adìẹ tún na ọrùn.

"Ìyá mi," Àwẹ̀ró wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, "ẹ wo aáyán yẹn. Kì í ṣe pé kò mọ ijó. Aáyán fẹ́ jó, adìẹ ni ò jẹ́."

Ìyá rẹ̀ wo aáyán. Ó wo adìẹ. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo òkìtì igbá.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Òòlu bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Onígbá. Ó dìde, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó igbá síta sínú òjò. Àwọn obìnrin ilé fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Aáyán ń tú jáde, wọ́n ń gun ògiri, wọ́n ń gun apá rẹ̀. Ó mú òòlu nílẹ̀, ó fi tú okùn ẹsẹ̀ adìẹ fúnra rẹ̀. Adìẹ wọlé, ó sì jẹun bí àlejò tí wọ́n ti dá dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí yàrá ṣófo, Ìyá Onígbá nu ọwọ́, ó gba ọmọ, ó fi ètè kan gìgísẹ̀ náà.

"Ìyá mi kékeré," ó wí, ó ń sunkún, "kì í ṣe aáyán. Èmi ni mo jẹ ọ́ lẹ́sẹ̀."

Ẹja ni wọ́n fi se ọbẹ̀ ìsọmọlórúkọ, nítorí kò sẹ́ni tó lè jẹ adìẹ náà mọ́ lẹ́yìn ohun tó jẹ. Ògúnwándé nìkan ló ráhùn. Ìyá Àwẹ̀ró dá nìkan padà sílé, inú rẹ̀ sì dùn. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé igbá wá tó ní kí Ìyá Onígbá bá òun tọ́jú rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, ìyá náà á wo Àwẹ̀ró níbi tó ti ń gbálẹ̀, á rẹ ohùn sílẹ̀ pé: "Èmi ì bá gbà á. Aáyán fẹ́ jó, adìẹ ni ò jẹ́." Àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Àwọn àgbà máa ń pa á nígbà tí ènìyàn bá mọ ohun tó yẹ kó ṣe, tó fẹ́ ṣe é, tó sì lágbára láti ṣe é, ṣùgbọ́n tí ẹni tí agbára rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ dúró tì í tí kò jẹ́ kó ṣe é. Nítorí náà, bí wọ́n bá pa á létí rẹ, má kàn fi aáyán rẹ́rìn-ín. Wá ẹni tó ń ṣe adìẹ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ìwọ ni.