Ọ̀rọ̀ Kan Tí Tíṣà Ajíbóyè Fi Kún Un

Nígbà tí ilé-ìwé kan ṣoṣo ṣì ń bẹ ní ìlú Ìgbó-Ọsàn, ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ibíyẹmí. Baba rẹ̀ ti kú. Ẹní ni ìyá rẹ̀, Tinúadé, ń hun tí ó fi ń tọ́ òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Àlàó. Ebi ìwé ń pa Ibíyẹmí bí ebi oúnjẹ ṣe ń pa ọmọ mìíràn. Bí ìyá rẹ̀ bá ń hun ẹní, òun a jókòó tì í, a máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì pe orúkọ ohun gbogbo tí ojú rẹ̀ bá rí, ìyá a sì máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kan, nígbà òjò, àrùn inú bẹ́ sílẹ̀ nílùú. Odò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pọn, àgbàrá sì ti gbé oríṣiríṣi ẹ̀gbin wọ inú rẹ̀. Àlàó mu níbẹ̀ nígbà tí ó ń bọ̀ láti oko. Kò sùn kò wo láti ọjọ́ náà, inú rírun kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kú mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn obìnrin kan ránṣẹ́ pé àwọn yóò gba ọmọbìnrin kan lọ́fẹ̀ẹ́ láti agbègbè náà. Wọ́n ní kí ọmọ tó bá fẹ́ ẹ kọ àròkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ohun tí ìlú rẹ̀ ṣe aláìní jù lọ, kí ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀ sì fọwọ́ sí i pé kò sí àgbà kankan tó dá sí i.

Omi ni Ibíyẹmí kọ̀wé lé lórí. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ga, ṣùgbọ́n ó mọ́ gaara. Nígbà tí ó kan ikú àbúrò rẹ̀, ohun tí ó kọ kò ju pé: "Àbúrò mi mu omi odò náà. Nítorí náà, ó kú." "Só" ni ó fi kọ "nítorí náà" yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó nu omi ojú rẹ̀ nù, ó sì mú ìwé náà lọ bá Tíṣà Ajíbóyè, ọ̀gá ilé-ìwé.

Gẹ̀ẹ́sì tí ń sán bí ààrá ni Tíṣà Ajíbóyè fẹ́ràn. Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ìgbéga rẹ̀ kò jìnnà mọ́, pàápàá bí ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ kan bá lè yege. Ó ka àròkọ náà, ó yínmú.

"Kí lèyí? Ọ̀mọ̀wé ni yóò ka ìwé yìí o! 'Só' níhìn-ín, 'só' lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ tí a ó fi so gbólóhùn mọ́ gbólóhùn, ó yẹ kí ó wúwo."

"Sà, ṣé kò ní yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà?"

"Ta ni tíṣà nínú èmi àti ìwọ?"

Tíṣà mú kálámù, ó ń fa igi lé ọ̀rọ̀ kéékèèké, ó ń fi ńláńlá rọ́pò wọn. Nígbà tí ó dé ibi ikú Àlàó, ó pa "só" rẹ́, ó fi "nẹ́fádẹ̀lẹ́sì" sí i. Ẹnu oníwàásù kan ló ti gbọ́ ọ rí. Ó dùn mọ́ ọn létí, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà tún gbogbo rẹ̀ dà kọ, ó fọwọ́ sí i, ó sì fi í ránṣẹ́.

Nígbà tó yá, Alàgbà Ṣóyóyè, tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà rán wá, dé sí Ìgbó-Ọsàn láti fojú kan ọmọ náà. Ó jókòó, Tíṣà Ajíbóyè jókòó tì í, Ibíyẹmí sì dúró níwájú wọn.

"Ìwọ lo kọ èyí?"

Ibíyẹmí wo ojú tíṣà. Ojú tíṣà wà lójú fèrèsé. A kò kọ́ ọ nílé pé kí ó nàka sí àgbà.

"Èmi ni, sà."

"Kí ni ìtumọ̀ nẹ́fádẹ̀lẹ́sì?"

Ibíyẹmí tún wo ojú tíṣà.

"Ó dáa, èmi yóò sọ ọ́ fún ọ. 'Síbẹ̀síbẹ̀' ni. Ohun tí o kọ ni pé, àbúrò mi mu omi náà. Síbẹ̀síbẹ̀, ó kú. Ṣé oògùn ni omi ọ̀hún ni, tí ó fi yà ọ́ lẹ́nu pé kò wò ó sàn?"

Ibíyẹmí rí Àlàó lójú inú rẹ̀, lórí ẹní níbi tó ti ń ké, ó wá dà bí ẹni pé òun ló fi ikú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Alàgbà Ṣóyóyè kọjú sí tíṣà. "Tíṣà, ó jọ pé ọwọ́ àgbà wà nínú iṣẹ́ yìí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún mi nísinsìnyí, n ó fún ọmọ ní ìwé mìíràn kí ó jókòó kọ ọ́ lójú mi. Ǹjẹ́ ẹ ní ohun kan láti sọ?"

Tíṣà wúkọ́. Ó wo bàtà rẹ̀.

"Rárá, sà. Bí ó ṣe mú un wá ni mo ṣe fọwọ́ sí i."

"Ó parí. A kì í gba ọmọ tí ń jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kọ."

Ọmọ ìlú mìíràn ni wọ́n mú. Tinúadé bi ọmọ rẹ̀ títí, ọmọ kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kúrò nílé-ìwé, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹní.

Kò pẹ́ tí ìgbéga Tíṣà Ajíbóyè dé, tí wọ́n gbé e lọ sí ìlú ńlá. Ní ọjọ́ tí ó fẹ́ lọ, ó ń dágbére láti agboolé dé agboolé, ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn àgbà ilé wà níkàlẹ̀.

"Ibíyẹmí, má banú jẹ́ mọ́ o," ó wí. "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ká ní o mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni!"

Ibíyẹmí kò dìde, kò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹní tí ó ń hun.

"Ẹ̀yin tí ẹ fi kún un náà kò mọ̀ ọ́n, sà. N kò bá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí baba yẹn bi yín léèrè, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni ì bá tún un ṣe. Ẹnu yín ló wà, ẹ sì gbé e mì."

Tinúadé, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, fi ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Tíṣà Ajíbóyè yí padà, ó bá ẹrù rẹ̀ lọ, kò sì tún tẹ Ìgbó-Ọsàn mọ́ láyé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ kò bá a lọ. Àwọn àgbà tó wà níkàlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n gbé e lé ahọ́n, tí ó fi di òwe tí a ń pa títí di òní pé: gbólóhùn kan-án ba ọ̀rọ̀ jẹ́, gbólóhùn kan-án tún ọ̀rọ̀ ṣe.